Ọmọ Tó Kù Nílé Lọ́jọ́ Ìrìn-Àjò

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí: owó tí ilé-ìwé ń gbà lọ́wọ́ òbí láti fi kó ọmọ lọ sí ìrìn-àjò, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní “excursion.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tó kọjá, mo yà ní ọjà Ìgàńdó láti ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tí mo ti ń bá rà láti ọdún pípẹ́. Mo bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ìka kọ nǹkan sára èlùbọ́ tó dà sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá ọmọ, ṣé ara ọmọ yìí kò yá ni, tí kò fi lọ sí ilé-ìwé?” Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá, ara rẹ̀ yá o. Wọ́n lọ sí ‘excursion’ ni. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì sanwó, kí ó kúkú dúró sílé, pé kò ní sí tísà kankan tí yóò kọ́ ọ.”

Ọmọ méjì ló ní ní ilé-ìwé náà. ₦22,000 ni wọ́n bù lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí àgbà, tó jẹ́ obìnrin, wà ní kíláàsì tó ń jáde, òun ni ìyá rẹ̀ rí owó san fún. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ náà ti dá mi lóhùn fúnra rẹ̀: “Bàbá, èmi máa lọ ní ọdún tó ń bọ̀.” Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín náà wúwo lẹ́nu mi.

Ìyá náà fa ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí i yọ nínú àpò tó ń kó owó sí. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kà á lójú ọjà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ẹnu ọ̀nà ibi eré tí wọ́n ń lọ jẹ́ ₦13,000. ₦9,000 tó kù jẹ́ ti oúnjẹ ọ̀sán, ti ẹ̀wù pólò tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-ìwé sí, ti fìlà tó bá ẹ̀wù náà mu, àti ti fọ́tò. Ọmọ tó ní aṣọ ilé-ìwé méjì nílé ni wọ́n tún rán ẹ̀wù kẹta fún, kí ó lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú.

Kí a má ṣe purọ́ mọ́ àwọn ilé-ìwé, owó ọkọ̀ ti wọ́n lóòótọ́. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦185 ní Èkó ló fò sókè sí nǹkan bí ₦488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní ₦900. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni náírà ń já wálẹ̀ níwájú dọ́là, tí owó táyà àti ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń gòkè. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba Èkó sì sọ tirẹ̀ di ₦85,000. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ méjì ní ₦22,000 jẹ́ ₦44,000. Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gba owó tó kéré jù yóò fi ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Oníṣòwò ọjà Ìgàńdó, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìkòtún, aránṣọ ní Ẹgbẹ́dá, àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ ní owó oṣù kankan tí wọ́n lè fi ọwọ́ lé.

Ìbéèrè tí àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń bi ni pé, kí ló dé tí wọn kò kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí kò gba owó? Ẹni tó bá mọ Òkè-Odò yóò mọ ìdáhùn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, ènìyàn tó ju 1,200,000 ni wọ́n kà níbẹ̀, àdúgbò sì ti tún kún ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ilé-ìwé ìjọba kò tó wa. Ilé-ìwé aládàáni tó wà ní ẹ̀bá ilé ni òbí rí, yàrá márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ọgbà kékeré. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2010 sí 2011, iye tí wọ́n rí lé ní 12,000. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 dáàbò bo ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ oníyàrá márùn-ún yìí.

Kí ni ìrìn-àjò ọjọ́ kan ń ṣe nínú ilé? Mo ti rí ìyá tó kó owó àjọ kí ó tó kàn án, tó sì wá di ajigbèsè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń dá a. Mo ti rí bàbá tó yá owó lórí fóònù, tí àwọn ayánilówó náà wá ń fi àtẹ̀ránṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, títí kan àna rẹ̀. Èyí tó burú jù lójú mi ni yíyàn. Òbí tó bí mẹ́ta, tó ní owó ẹnì kan, yóò jókòó lóru láti pinnu èwo nínú wọn ni yóò lọ. Ọmọ tí wọn kò yàn kò ní gbàgbé. A máa ń sọ pé ọmọdé kò mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jókòó sórí àpótí yẹn mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n yàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì kọ àròkọ lórí ìrìn-àjò wọn. Ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ibẹ̀ ti rí, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé òun náà dé ibẹ̀. Ó gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ fi ìwé náà hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun gbọ́n. Ó gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ni pé kí ó fi irọ́ bo àìlówó mọ́lẹ̀.

Mo tọ ọ̀gá ilé-ìwé kan lọ ní àdúgbò wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí àwa méjèèjì bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ó ṣàlàyé pé bí òun kò bá ṣe ìrìn-àjò, àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé kejì tó ń ṣe é, pé fọ́tò ọmọ nínú ẹ̀wù kan náà ni òun ń fi polówó fún sáà tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ yé, owó iṣẹ́ olùkọ́ ló ń wá. Mo wá ní, “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò kó wọn lọ sí Ìṣẹrì? Ẹ kò ní san owó ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ kóròpe á gbé wọn lọ, á sì gbé wọn bọ̀.” Ó wò mí lójú, ó ní, “Bàbá, ẹ fẹ́ kó mi sí wàhálà ni. Bí mo bá kó ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, àwọn òbí á ní mo kó ọmọ wọn lọ bọ òrìṣà. Ibi eré kò ní wàhálà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé, òun ló sì mú mi jókòó kọ èyí. Owó ọkọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yìí náà ń náwó. Ohun tó wà nítòsí ń dẹ́rù bà wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi owó ńlá ra ohun tó jìnnà, tí a sì ń fi ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó sílẹ̀ sórí àpótí ní ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nítòsí. Ìṣẹrì-Olófin wà nínú Alímọ̀ṣọ́ yìí gan-an, ó sì wà lára àwọn ìlú tí àwọn Àwórì kà sí orísun wọn. (Ìṣẹrì ju ẹyọ kan lọ, àwọn àgbà ibẹ̀ sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ láàárín ara wọn, mi ò ní bá wọn dá sí i.) Ìtàn tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀ ni pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé orí omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Àwo náà dúró nítòsí Olókèméjì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó tún dúró ní Òkè-Àtà fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mìíràn, ó sì dúró lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí ó di ẹ̀yìn Abẹ́òkúta lónìí, tí àwọn kan nínú wọn ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó dé Ìṣẹrì, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an: ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́tàdínlógún, èyí tí í ṣe 289. Wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n ti ń dáko, kí àwo tó tún gbéra. Ọ̀pọ̀ wọn dúró, díẹ̀ tẹ̀lé Ọlọ́fin lọ. Ní Ìdúmọ̀tà ni àwo náà ti yí po, tó sì rì. Nígbà tí wọ́n bi Ọlọ́fin pé àwo ńkọ́, ó ní àwo ti rì. Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá.

Ẹ wo iye ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn kan yìí. Ìṣirò wà níbẹ̀, ọmọ kíláàsì kẹrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ 17 di 289. Ẹ̀kọ́ nípa odò àti ilẹ̀ wà níbẹ̀, bí omi ti ń ṣàn láti Olókèméjì wá sí etí òkun. Bí ènìyàn ṣe ń pín ara rẹ̀, tí àwọn kan ń dúró tí àwọn mìíràn ń lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì yẹ kí ó yé ọmọ Òkè-Odò dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wa kì í ṣe Àwórì. Àwọn òbí wa wá láti Ọ̀yọ́, láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì, láti ilẹ̀ Ìgbò. A ń gbé lórí ilẹ̀ àwọn tí àwo dúró fún, a kò sì mọ̀ wọ́n. Mo bi ọmọ mẹ́fà ní Ìkòtún kí ni Àwórì túmọ̀ sí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ọmọ onílẹ̀ sì ni.

Ní ti ìbẹ̀rù bíbọ òrìṣà, mo fẹ́ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rù ló kórìíra wa. Àwọn ilé-ìwé yìí kan náà ń kó ọmọ lọ sí Àgbádárìgì láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845. Ọmọ mùsùlùmí ń wọ ibẹ̀, ó sì ń padà délé gẹ́gẹ́ bíi mùsùlùmí. Wọ́n ń kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, tó ti wà níbẹ̀ láti 1957, láti wo ọkọ̀ tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí ní 1976. Iṣẹ́ ọnà òrìṣà kún ibẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ pé òbí kan pariwo. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, ní abala 38, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí ti ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin náà ń dáàbò bo ọmọ onígbàgbọ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń dáàbò bo ọmọ wa lọ́dọ̀ wọn. Bí ilé-ìwé bá kó ọmọ wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí àgbà sọ ìtàn, kí ó má ṣe bẹ ọmọ kankan pé kí ó kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ. Bí àwa fúnra wa kò bá lè pa ìlànà yìí mọ́, ọ̀gá ilé-ìwé yẹn jàre.

Ó wá kan àwa. Mi ò lè fi ìka kan tọ́ka sí ilé-ìwé kí n má rí àwọn ìka tó kọjú sí mi. Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa kó ọmọ lọ sí Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ibẹ̀ ni Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 2009. Ó yẹ kí ọmọ wa rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ju 200 kìlómítà lọ ni, a sì bu ₦30,000 lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo wà ní ìpàdé tí a ti fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí aṣọ funfun tí a rán fún wọn pẹ̀lú. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo wẹ̀yìn, mi ò rí ọmọ onílù wa. Ọmọ tó mọ gbogbo orin, tí ó máa ń gbe orin fún àwọn yòókù ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, òun ni kò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú. Ó kàn sọ pé ọmọ náà ní iṣẹ́ nílé. Nínú gbogbo wa tí a jókòó ní ìpàdé yẹn, kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni kò ní lè san án.

Àwọn ènìyàn wa tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi nípa òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ lè bẹ òbí pé kí ó fi owó ran ìrìn-àjò àkókò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ipá gbà á, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ kankan sílẹ̀ nítorí pé òbí rẹ̀ kò san. Bí owó kò bá pé, kí ìrìn-àjò náà má wáyé. Mo fẹ́ràn apá ìkẹyìn yẹn jù. Ìlú àwọn òyìnbó ni òfin náà ti wá, ṣùgbọ́n ìwà tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì: ní agbo ilé, a kì í pín oúnjẹ fún àwọn ọmọ kí a ní kí ọ̀kan máa wò.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà, ọ̀nà tí kò gba ọkọ̀ àháyà wà. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ìkòtún dé Máìlì Túù lè gbà á dé Màrínà, láti Màrínà àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Oníkan, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ilé Àṣà Yorùbá ti John Randle wà. Fún àwọn tó wà níhà Agége, ti aláwọ̀ pupa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ń gbé wọn dé Ọ̀yìngbò. Ojú irin fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí kò wọ ọ́ rí. Sí ilé-ìwé tó fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, kí ó sọ iye owó fún òbí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, kí ó gbà á díẹ̀díẹ̀, kí ó yọ ẹ̀wù àti fìlà kúrò, aṣọ ilé-ìwé tó. Kí olùkọ́ tó wà nílé kọ́ ẹni tó bá kù nílé. Kí a má sì fún ọmọ ní àròkọ lórí ibi tí kò dé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa kó ọmọ mọ́kànlá lọ sí Ìṣẹrì-Olófin. Ọmọ onílù wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá elélùbọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá wọn ń lọ. Ó béèrè ohun tí a máa ṣe, mo sọ fún un, ó sì fọwọ́ sí i. A wọ kóròpe, a rin ìyókù. Bàbá àgbà kan jókòó lábẹ́ ilé, ó sọ ìtàn àwo fún wọn bí wákàtí kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni ti wọ inú omi lọ wá àwo náà?” Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ìbéèrè gidi ni, òun náà ti bi bàbá òun rí. Wọ́n sì jọ ń sọ ọ́ lọ.

A tún máa lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí sáà yìí tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá wa lọ, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Owó kóròpe nìkan ni, ẹni tí kò bá sì ní, kí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan. Omi àti mósà wà lọ́rùn ẹgbẹ́.